Ọkọ̀ Tí Bàbá Àgbà Fọwọ́ Ara Wọn Tú

Nígbà tí Bàbá àgbà kú ní Ìgbókòdá lóṣù kẹjọ ọdún yìí, màmá mi pè mí láti Àkúrẹ́ pé kí n kọ ọ̀rọ̀ ìrántí tí yóò kún ojú ewé kan nínú ìwé ètò ìsìnkú. Bàbá tó bí màmá mi ni wọ́n. Ọ̀dọ̀ èmi àti Wálé ọkọ mi ní Forney, ní Texas nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti lo ọdún méjì ààbọ̀ kí wọ́n tó padà sílé, nítorí náà gbogbo ẹbí gbà pé èmi ni ọ̀rọ̀ wọn yẹ lẹ́nu jù. Mo kọ ọ́. Mo kọ pé wọ́n láápọn, pé wọ́n nífẹ̀ẹ́ ọmọdé, pé gbogbo etídò ló mọ̀ wọ́n sí káfíńtà tó ń kan ọkọ̀ ojú omi. Àbúrò màmá mi kan fi ohùn ránṣẹ́ sí mi lórí fóònù pé òun sunkún nígbà tí wọ́n kà á ní ṣọ́ọ̀ṣì. Kò sí irọ́ nínú ohun tí mo kọ. Ṣùgbọ́n mo fo ọ̀rọ̀ ọkọ̀ kan dá, ọkọ̀ yẹn gan-an ló sì yẹ kí n sọ. Mo fẹ́ sọ ọ́ báyìí.

Ẹni tó bá rí Bàbá àgbà lókèèrè á rò pé wọ́n ń bínú. Wọ́n gùn, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, èjìká ọ̀tún wọn sì ga ju ti òsì lọ nítorí ọdún tí wọ́n ti fi fa ayùn. Wọ́n máa ń fi ìka kan igi, wọ́n á tẹ́tí sí i, kí wọ́n tó gbà pé igi ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n dé ilé wa, wọ́n kan ilẹ̀kùn, wọ́n kan tábìlì ìjẹun, wọ́n kan ògiri yàrá tí a tọ́jú fún wọn. Wálé bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní àwọn ń wá ibi tí igi wà nínú ilé náà. Nígbà tí wọ́n kàn án kárí, wọ́n gbé àga oníke kan lọ sínú gáréèjì, wọ́n jókòó, wọ́n ní, "Ilé yín lẹ́wà, ṣùgbọ́n ó jọ pé ìwé ni wọ́n fi kọ́ ọ."

Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n sin ìyá wọn ni wọ́n bí mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń jẹ́ Yétúndé. Bàbá àgbà ò fi orúkọ náà ṣeré. Láti kékeré mi ni wọ́n ti ń pè mí ní Ìyá mi. Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kọ́kọ́ bi mí bí mo ṣe sùn kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́jọ tí mo lọ lo họ́lídè lọ́dọ̀ wọn, mo da agolo ọ̀dà kan sórí pákó tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fá. Ìyá àgbà gbé ọwọ́ sókè láti nà mí. Bàbá àgbà di ọwọ́ náà mú lókè níbẹ̀, wọ́n ní, "Ta ló ń na ìyá ẹni?"

Gbogbo èèyàn ni wọ́n máa ń kí ládùúgbò wa, Yorùbá ni wọ́n sì fi ń kí wọn. Àwọn tó ń sáré láàárọ̀, ẹni tó ń kó ìdọ̀tí, obìnrin tó ń mú ajá rẹ̀ rìn, gbogbo wọn ni wọ́n ń kí ní ẹ káàárọ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń juwọ́ kí wọ́n tó kọjá lọ. Ọ̀kan ṣoṣo ló dúró láti kọ́ ìkíni náà, ìyẹn ọkùnrin aláwọ̀ funfun tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Dale lorúkọ rẹ̀. Bàbá àgbà sọ ọ́ di Délé lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, ó sì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Wọn ò gbọ́ èdè ara wọn, ṣùgbọ́n wọ́n lè jókòó fún wákàtí kan nínú gáréèjì, kí wọ́n máa na ìka sí nǹkan, kí fóònù Délé máa bá wọn túmọ̀ èyí tó bá ṣòro. Mo bi Bàbá àgbà nígbà kan pé kí ni wọ́n ń bá ara wọn sọ tó pọ̀ tó yẹn. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá mọ òòlù dì mú, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ò ṣòroó gbọ́."

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ wọn ni ìtìjú mi ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn obìnrin tí a jọ wà lẹ́gbẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọmọ dókítà àti ọmọ adájọ́ ló pọ̀ jù. Bí wọ́n bá bi mí níbi tí mo ti wá, Àkúrẹ́ ni mo máa ń pè, n kì í dárúkọ etídò rárá. Nígbà tí Bàbá àgbà dé, ọ̀kan nínú wọn béèrè iṣẹ́ tí wọ́n ṣe nílé. Mo ní ẹnjiníà ni wọ́n. Wọ́n jókòó sẹ́yìn mi, mi ò sì mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Nínú mọ́tò, nígbà tí à ń padà sílé, wọn ò bínú. Wọ́n kàn bi mí jẹ́jẹ́ pé, "Bó bá jẹ́ ẹnjiníà ni mí, ta ló wá kan ọkọ̀ tó ń gbé ìyá rẹ lọ sílé ìwé?"

Mo tan rédíò.

Oṣù kẹjọ ni wọ́n dé, ooru Texas sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sé wọn mọ́lé. Wọ́n ní oòrùn ilé a máa dá ẹni tó bá sá sábẹ́ igi sí, pé ti ibí ò mọ igi. Ní ìparí oṣù kẹwàá, atẹ́gùn tútù kan fẹ́ wá láti àríwá láàárọ̀ ọjọ́ kan. Bàbá àgbà dúró níwájú ilé, wọ́n gbé imú sókè, wọ́n ní ọyẹ́ ti dé. Mo ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe ọyẹ́, pé ìgbà ìwọ́wé ni, pé ewé á pọ́n, á sì máa já bọ́. Wọ́n bi mí bóyá omi wà nítòsí.

Lọ́jọ́ Sátidé, a kó àwọn ọmọ wa méjèèjì, Tiwa àti Ire, a lọ sí adágún ńlá tó wà lápá Rockwall. Wálé háyà ọkọ̀ kan létí omi, irú èyí tó tẹ́jú bíi pèpéle, tó ní àga àti ìbòrí. Èmi ń ráhùn pé a ti pẹ́ jù, pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ló yẹ ká wá, nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì máa ń kún ibẹ̀, tí orin ń dún káàkiri. Lọ́jọ́ náà, ojú omi náà ṣófo, ó mọ́, àwọn igi etí rẹ̀ sì ti ń pọ́n. Bàbá àgbà ki ọwọ́ bọ omi, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́ bó tilẹ̀ jẹ́ pé atẹ́gùn tutù. Wọ́n ní, "Ìgbà tí àwọn aláriwo bá lọ tán ni omi máa ń gba àlejò."

Láti ọjọ́ yẹn ni Sátidé ìgbà ìwọ́wé ti di ti omi nílé wa. A ò ní tíì jẹun àárọ̀ tí wọ́n á ti wọ súẹ́tà, tí wọ́n á jókòó dè wá. Mo máa ń din àkàrà, mo máa ń rọ ẹ̀kọ gbígbóná sínú fúláàsì, orí omi la sì ti ń jẹ ẹ́. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ láti fi okùn lásán pẹja láìsí ọ̀pá. Wọ́n máa ń ju ewé pupa méjì sómi, tí Tiwa á mú ọ̀kan, tí Ire á mú ìkejì, wọ́n á sì máa wo èyí tí atẹ́gùn máa kọ́kọ́ gbé dé ìdí ọkọ̀. Bí oṣù kọkànlá bá ti wọlé, àwọn ẹyẹ òfú funfun, tí àpò ńlá wà lábẹ́ ẹnu wọn, á dé láti òkè réré, wọ́n á bà sórí omi bí aṣọ tí wọ́n sá, Bàbá àgbà á sì ní kí gbogbo wa dákẹ́. Àwọn ọmọ mi kì í fi Yorùbá dá mi lóhùn nílé. Bí mo bá bá wọn sọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń fèsì. Nínú ọkọ̀, Bàbá àgbà ṣòfin pé ẹni tí kò bá lè fi Yorùbá pe nǹkan ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Tiwa ti ń pe àjẹ̀, ó ń pe ìdákọ̀ró, ó ń sọ fún àbúrò rẹ̀ pé kó kúrò ní orí ọkọ̀, ìyẹn iwájú rẹ̀, kó lọ jókòó nídìí rẹ̀ lẹ́yìn. Mo yin Bàbá àgbà pé wọ́n ṣe ohun tí èmi ò lè ṣe láti ọdún púpọ̀ wá. Wọ́n ní, "Ìwọ ń kọ́ wọn ní èdè. Èmi ń kọ́ wọn ní ohun tí wọ́n fẹ́ fọwọ́ kàn."

Ìjà kan ṣoṣo ni Bàbá àgbà bá Wálé jà, láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì sómi, ló sì fà á. Wálé mọ̀wẹ̀ dáadáa, ó sì sọ pé ara òun ń hún òun nínú nǹkan náà, pé ọmọdé ni òfin kàn. Bàbá àgbà ní àwọn ò ní wọ ọkọ̀ náà. Wálé rò pé ọ̀rọ̀ àwàdà ni. Wọ́n bọ́ sílẹ̀ lóòótọ́, wọ́n jókòó sórí òkúta létí omi, tí gbogbo wa sì ń wò wọ́n, títí Wálé fi de tirẹ̀ mọ́ àyà. Ní ọ̀nà ilé ni Wálé bi wọ́n pé àwọn tí wọ́n bí sórí omi, kí ló dé tí ẹ̀rù omi fi ń bà wọ́n tó báyìí. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àwọn méjì ló mọ̀wẹ̀ ju ẹja lọ, inú omi ni wọ́n sì ti gbé òkú àwọn méjèèjì. "Omi ò mọ ẹni tó mọ̀wẹ̀."

Nígbà tí ìgbà ìwọ́wé àkọ́kọ́ yẹn parí, wọ́n ní ọkọ̀ àyálò kì í gbọ́ràn sí èèyàn lẹ́nu. Délé fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé wọn lọ ra pákó. Láti oṣù kìn-ín-ní títí di oṣù kẹsàn-án, inú gáréèjì wa ni wọ́n wà. Wọn kì í lo téèpù. Apá wọn, àtẹ́lẹwọ́ wọn, àti okùn kan tí wọ́n ta ní kókó mẹ́rin ni wọ́n fi ń wọn gbogbo nǹkan. Wọ́n máa ń kó ìṣó sẹ́nu bí wọ́n bá ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá kọjá, wọ́n á tu wọ́n sọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó kí mi. Wọ́n fi òwú àti ọ̀dà dí gbogbo ojú ìpàdé pákó. Ọ̀dà tó ṣẹ́ kù nílé Délé ni wọ́n fi kùn ún, wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn kọ SÙÚRÙ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ní lẹ́tà ńlá funfun, ẹsẹ̀ kan lára R rẹ̀ gùn ju èkejì lọ.

Délé ló so ọkọ̀ náà mọ́ ìdí píkọ́ọ̀pù rẹ̀ lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ gbé e lọ sómi. Mo rántí pé Bàbá àgbà ń fi ìka kan pákó rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó wọ omi. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń wá. Wọ́n ní ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn ti kan ọkọ̀ gbẹ̀yìn, pé omi ló máa sọ bóyá ọwọ́ àwọn ṣì mọ iṣẹ́. Ọkọ̀ wọ omi, ó mì díẹ̀, ó dúró. Bàbá àgbà kúnlẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ pa gbogbo ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti orí dé ìdí. Wọ́n wá gbé ọwọ́ náà sókè kí gbogbo wa rí i. Kò tutù. "Ó gbẹ," ni wọ́n wí.

Mi ò rí wọn kí inú wọn dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo sì fi ọwọ́ ara mi gba ìdùnnú náà lọ́wọ́ wọn.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, yìnyín ba orí mọ́tò Wálé jẹ́, ó sì pinnu pé inú gáréèjì ni mọ́tò gbọ́dọ̀ máa sùn. Ọkọ̀ bọ́ síta, sí iwájú ilé, lábẹ́ tapólì búlúù. Àdúgbò tuntun ni tiwa. Gbogbo ilé jọra, koríko jọra, ẹgbẹ́ àwọn onílé ló sì ń pinnu àwọ̀ tí èèyàn lè fi kun ilẹ̀kùn ilé rẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohunkóhun fún wa. Délé tiẹ̀ máa ń mú àwọn èèyàn wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti yà wọ àdúgbò wa láti ibi iṣẹ́ ní Richardson, tí mo sì rí búlúù yẹn lókèèrè, màá gbójú kúrò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ẹtì kan lóṣù kọkànlá, ọ̀gá mi lẹ́nu iṣẹ́ yà sílé wa láti fún mi ní kọ̀ǹpútà tuntun. Ọkùnrin tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí ni. Àwọn ọmọ ti ká tapólì sílẹ̀ torí pé à ń múra omi ọjọ́ kejì. Ó wo ọkọ̀ náà láti òkè dé ilẹ̀, ó ka ohun tó wà lára rẹ̀ bó ṣe lè kà á, ó wá bi mí bóyá ọkọ̀ tí a wọ̀ dé Amẹ́ríkà nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín ju tirẹ̀ lọ.

Bàbá àgbà dúró lẹ́nu gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò ọ̀gá mi lọ tán, wọ́n bi mí pé kí ló wí tó dùn mọ́ wa bẹ́ẹ̀. Mo ní ó ní ọkọ̀ náà dára. Ojú wọn tàn. Wọ́n ní, "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bó o bá dé ibi iṣẹ́."

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ní orí ń fọ́ mi, mi ò bá wọn lọ sómi. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, mo sọ fún Bàbá àgbà pé ẹgbẹ́ àwọn onílé ti kọ̀wé sí wa, pé ọkọ̀ gbọ́dọ̀ kúrò níwájú ilé kí oṣù tó parí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ìwé náà. Kò sí ìwé kankan. Mo wọ yàrá lọ, mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tuntun yẹn, mo fi Gẹ̀ẹ́sì olófin tó dán mọ́rán kọ lẹ́tà kan, mo tẹ̀ ẹ́, mo ká a ní mẹ́ta bí ẹni pé ó ti inú àpòòwé jáde. Bàbá àgbà pe Tiwa pé kó wá kà á fún àwọn. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni nígbà náà. Ó dúró láàárín èmi àti wọn, ó ń kà á, ó ń fi Yorùbá tí wọ́n kọ́ ọ nínú ọkọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ó dé ibi tí mo ti kọ pé ọkọ̀ náà ń ba ẹwà àdúgbò jẹ́, kò mọ bó ṣe máa pe ìyẹn. Ó wò mí kí n ràn án lọ́wọ́. Mo ràn án lọ́wọ́.

Bàbá àgbà bi mí bóyá kò sẹ́ni tí a lè lọ bẹ̀. Mo ní òfin ibí ò mọ ẹ̀bẹ̀. Wálé náà gba lẹ́tà náà gbọ́. Ó ní òun máa kọ̀wé sí wọn láti ṣàlàyé, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó má kó wa sí wàhálà.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, mo rí i tí wọ́n wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tí wọ́n fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì, tí Délé sì fi píkọ́ọ̀pù gbé wọn jáde. Mi ò béèrè ibi tí wọ́n ń lọ. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n wá bá mi ní kíṣìnnì níbi tí mo ti ń gé ẹ̀fọ́. Wọ́n wá sọ pé àwọn máa tú ọkọ̀ náà fúnra àwọn. Mo ní bóyá Délé lè bá wa gbé e pamọ́ síbì kan. Wọ́n mi orí. "Ìyá mi, ọkọ̀ kì í dúró ní èbúté tí wọn ò ti fẹ́ ẹ."

Mo rò pé ẹgbẹ́ àwọn onílé ni wọ́n ń sọ.

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi tú u. Ilé ni mo ti ń ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn, yàrá tí mo ń lò sì kọjú síta. Mo fa kọ́tìnnì. Mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ìṣó yọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìṣó tó ti bára mọ́ igi máa ń ké bí wọ́n bá ń fà á, wọ́n á sì dúró díẹ̀ kí wọ́n tó fa òmíràn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kan gíláàsì fèrèsé, mo ṣí kọ́tìnnì díẹ̀, wọ́n ní kí n wá bá àwọn di ìdí pákó gígùn kan mú. Mo na ìka sí ohun ìgbọ́rọ̀ tó wà létí mi, pé mo wà nínú ìpàdé. Kò sí ìpàdé. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè láti fi tọrọ àforíjì pé àwọn dí mi lọ́wọ́, wọ́n sì lọ dúró de Délé.

Nígbà tí wọ́n ṣe tán, wọ́n to pákó náà jọ bí wọ́n ṣe gùn sí, wọ́n gbá ilẹ̀ ibẹ̀ mọ́, wọ́n sì kó gbogbo pákó náà fún Délé. Ọ̀sẹ̀ kejì, ọ̀gá mi tún kọjá níwájú ilé wa. Kò tiẹ̀ wo ibẹ̀.

Lóṣù kejì ọdún yìí, Bàbá àgbà ní àwọn fẹ́ padà sílé. Màmá mi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró, Wálé bẹ̀ wọ́n. Èmi náà bẹ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ara mi ń fúyẹ́ bí mo ṣe ń bẹ̀ wọ́n. Ní pápákọ̀ òfuurufú, níbi tí mi ò ti lè bá wọn kọjá mọ́, wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí. Wọ́n gbàdúrà fún Wálé, wọ́n gbàdúrà fún àwọn ọmọ. Wọ́n fi tèmi kádìí. Wọ́n ní, "Ojú ò ní tì ọ́ láé, Ìyá mi."

Oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ni wọ́n kú lójú oorun.

Tiwa ló sọ fún Délé. Ó wá bá mi kẹ́dùn, ó fi Yorùbá kí mi kú ọ̀fọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ káàárọ̀ ló wí. Ó jókòó, ó yí fìlà rẹ̀ lọ́wọ́ títí. Ó ní ohun kan wà tí Bàbá àgbà ní kí òun má sọ, ṣùgbọ́n ní báyìí tí wọn ò sí mọ́, ó jọ pé kò sí ìdí tí òun fi máa dákẹ́, pàápàá nígbà tí òun ò tíì gbọ́ ọ yé títí dòní. Ó ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn onílé ni òun gbé wọn lọ lọ́jọ́ tí wọ́n wọ aṣọ funfun. Wọ́n fẹ́ lọ bẹ̀ wọ́n. Obìnrin tó wà níbẹ̀ gba lẹ́tà náà, ó kà á, ó wá inú kọ̀ǹpútà rẹ̀ dáadáa, ó sì sọ fún wọn pé kò ti ọ̀dọ̀ àwọn wá. Kò sẹ́ni tó fẹjọ́ sùn. Obìnrin náà ní bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé ọkọ̀ náà sí ẹ̀yìnkùlé nínú ọgbà, kò sí òfin tó kàn án. Fóònù Délé túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá àgbà. Ó ní wọ́n ní kí fóònù náà tún un sọ. Nígbà tó tún un sọ, wọ́n gba lẹ́tà náà padà, wọ́n ká a ní mẹ́ta bó ṣe wà, wọ́n fi sápò. Nínú píkọ́ọ̀pù, wọ́n gbé ìka lé ètè, wọ́n na ìka náà sí Délé, wọ́n sì na ọwọ́ sí apá ibi tí ilé mi wà.

Délé ní òun ti ń rò ó láti ìgbà náà: kí ló dé tí wọ́n fi tú u? Ó ń wò mí kí n sọ fún òun. Mo ní mi ò mọ̀. Irọ́ tí mo pa gbẹ̀yìn lórí ọ̀rọ̀ náà nìyẹn, ojú ẹni tó wá bá mi kẹ́dùn ni mo sì ti pa á.

Mo pe màmá mi lọ́jọ́ kejì, mo jẹ́wọ́ fún wọn. Màmá mi sọ pé nígbà tí Bàbá àgbà délé, ẹ̀gbọ́n àwọn béèrè ọkọ̀ tí gbogbo ẹbí ti rí ní fọ́tò. Bàbá àgbà dá wọn lóhùn pé ọrùn ọwọ́ ló ń dun àwọn, pé àwọn ò lè wà á mọ́. Bàbá àgbà tún ní èmi bẹ àwọn gan-an pé kí àwọn má tú u, pé mo tiẹ̀ jáde wá bá àwọn di pákó mú.

Mi ò lè gbé àwọn ọmọ lọ sómi lóṣù kẹsàn-án, mi ò lè gbé wọn lọ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá. Wálé gba iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ ní Irving, mo sì ń fi ìyẹn ṣe àwáwí. Sátidé tó kọjá, Ire jí, ó wọ súẹ́tà, ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. A lọ. Mo háyà ọkọ̀ kékeré alájẹ̀ méjì. Àwa mẹ́ta de láìfù-jákẹ́ẹ̀tì, Ire jókòó sí orí ọkọ̀ lẹ́yìn mi, torí pé ẹ̀yìn ni ẹni tó ń wa irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń kọ sí ibi tó ń lọ, Tiwa jókòó sí ìdí rẹ̀, ó kọjú sí mi, mo sì wà wá dé ibi tí omi ti dákẹ́. Níbẹ̀ ni mo gbé àjẹ̀ sókè. Mo sọ fún wọn pé kò sí ẹni tó ní kí Bàbá àgbà tú ọkọ̀ wọn, àfi èmi.

Tiwa béèrè pé lẹ́tà tí òun kà ńkọ́.

"Èmi ni mo kọ ọ́," ni mo wí.

Ó ní, "Bàbá àgbà mọ̀?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n mọ̀ kí wọ́n tó fa ìṣó àkọ́kọ́ yọ.

Ire bi mí láti ẹ̀yìn bóyá wọ́n sunkún nígbà tí wọ́n ń tú u. Mo ní mi ò mọ̀. Mo ní inú ilé ni mo wà, mi ò jáde.

Tiwa, ọmọ mi tó máa ń fi Gẹ̀ẹ́sì dá mi lóhùn, fi Yorùbá sọ pé, "Ẹ wà wá padà." Mo ki àjẹ̀ bọ omi. Ọ̀nà náà jìn, atẹ́gùn sì dojú kọ wá. Nínú ọkọ̀ kékeré bẹ́ẹ̀, kò síbòmíràn tí ẹni tó jókòó sídìí ọkọ̀ lè kọjú sí ju ọ̀dọ̀ ẹni tó ń wà á lọ. Tiwa ò gbójú kúrò lára mi, èmi náà ò sì rí ibi gbé ojú mi sí, títí ọkọ̀ fi kan ilẹ̀.